Pẹ́dà tuntun nínú ọkọ̀ àlòkù: ohun tí ojú wa rí nígbà tí a dè é fúnra wa nílé

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìjọba, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ìbò. Ọ̀rọ̀ irin mẹ́ta ni, àwọn irin tí awakọ̀ ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ lábẹ́ ọwọ́ ọkọ̀. Pẹ́dà ni a ó máa pè wọ́n níhìn-ín. Ní àsìkò òjò tó kọjá, díẹ̀ ló kù kí ọ̀kan nínú wọn sọ àwa tí à ń gbé ìròyìn di ẹni tí wọ́n ń gbé ìròyìn rẹ̀.

Ọkọ̀ tí a fi ń lọ síbi iṣẹ́ kì í ṣe tuntun. Àlòkù ni, ọ̀kan nínú àwọn tí ọkọ̀ ojú omi ń kó láti Yúróòpù wá sí èbúté Kútọnu. Ọlọ́wọ́ ni, ó ní kílọ́ọ̀ṣì. Nígbà tí a rà á, rọ́bà tó bo pẹ́dà bíréèkì rẹ̀ ti jẹ tán ní igun apá ọ̀tún, irin ti yọ síta. A rí i, a sì gbójú fò ó. Ìró ẹ́ńjìnì la ń gbọ́, táyà la ń wò, ta ló ń wo ibi tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀?

Òjò ló kọ́kọ́ bá wa sọ̀rọ̀. Ẹ mọ ilẹ̀ pupa tiwa. Bí òjò bá ti rọ̀, amọ̀ náà á lẹ̀ mọ́ àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà bí ẹni pé wọ́n fi oje igi lẹ̀ ẹ́. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ẹsẹ̀ ẹni tó ń wà wá yọ̀ kúrò lórí bíréèkì lẹ́ẹ̀mejì kí a tó jáde nílùú. Kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo wa dákẹ́ nínú ọkọ̀. A ní ó tó gẹ́ẹ́, a máa pààrọ̀ rẹ̀.

Ní ọjà, rọ́bà bíréèkì lásán ni a béèrè. Ọmọkùnrin tó ń ta ẹ̀yà ọkọ̀ ní kò sí, ṣùgbọ́n òun ní ohun tó dára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó yọ páálí kan síta. Irin mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀, ó ń dán yinrinyinrin, rọ́bà kéékèèké sì ta jáde lójú rẹ̀ bí ọmú ajá. Ó pè é ní 8.000 fàráńkì, a ná an dé 6.500. Ó ní kò sí ọkọ̀ tí kò bá mu. Ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ló yẹ kó fu wá lára, torí kò sí bàtà tó bá gbogbo ẹsẹ̀ mu, ṣùgbọ́n dídán irin náà ti kó wa lójú.

Mẹkáníìkì wa lọ òkú lọ́sẹ̀ náà. A ní kí ló wà nínú bóòtù mẹ́fà tí a ó fi máa dúró dè é? Ní ọjọ́ Àìkú, a gbé ọkọ̀ sábẹ́ igi máńgòrò, a mú sukurudiráfà kan, sípánà kékeré kan àti iná fóònù. A kò yọ rọ́bà àtijọ́ kúrò, orí rẹ̀ ni a gbé irin tuntun lé, a sì fi èékánná irin tó wà lẹ́yìn rẹ̀ di pẹ́dà mú. Kò gbà wá ju wákàtí kan lọ. A tilẹ̀ ya fọ́tò rẹ̀.

Ọjọ́ kẹrin ni ó ṣẹlẹ̀. À ń ti Kétu bọ̀ lọ sí Pobẹ̀. Abúlé kan wà lójú ọ̀nà tó ní òkìtì tí wọ́n fi ń dín eré ọkọ̀ kù, èyí tí àwọn awakọ̀ ń pè ní dos d'âne, ọjà sì wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Awakọ̀ wa gbé ẹsẹ̀ lé bíréèkì. Irin náà yí ní ibi tí a dè é sí, bí ìdérí ìkòkò tó yẹ̀ lórí ẹnu rẹ̀. Bàtà bá a yí, etí bàtà sì lọ tẹ iná. Ẹ́ńjìnì ké. Ìyá kan ń kọjá lọ níwájú wa, ó gbé agbada tòmátì sórí, ó pọn ọmọ. Awakọ̀ wa fa ẹsẹ̀ yọ, ó fa bíréèkì ọwọ́, ó tún fi gìgísẹ̀ wá bíréèkì títí ó fi rí i. Nígbà tí ọkọ̀ dúró, a lè ka ìṣẹ́po ìró ìyá náà. Ó wo inú ọkọ̀, ó wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sọ nǹkan kan. Ó kọjá lọ.

Nígbà tí mẹkáníìkì wa dé, bàbá kan tó ti ń ṣe ọkọ̀ láti ìgbà tí Peugeot 504 ti jẹ́ ọba ojú títì, a mú ọkọ̀ lọ bá a. Kò bínú sí wa. Ó kàn dọ̀bálẹ̀ sílẹ̀ ọkọ̀, ó nawọ́ sókè, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ mi irin náà jọlọjọlọ. Lẹ́yìn náà ló ní kí a wá jókòó. Púpọ̀ nínú ohun tí ẹ ó kà nísàlẹ̀ yìí, ẹnu rẹ̀ ni a ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ, a sì wádìí ìyókù fúnra wa.

Yálà ọwọ́ ọkọ̀ wà lápá òsì bíi tiwa, tàbí lápá ọ̀tún bíi ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì, pẹ́dà iná lápá ọ̀tún ló ń wà, bíréèkì tẹ̀ lé e, kílọ́ọ̀ṣì wà lápá òsì. Pẹ́dà bíréèkì kì í ṣe bọ́tìnnì tí à ń tẹ̀ lásán. Ọ̀pá gígùn ni, ó so kọ́ lókè, bí igi tí ẹni fi ń yí òkúta ńlá. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, bí ẹsẹ̀ bá fi agbára 1 tẹ̀ ẹ́ nísàlẹ̀, agbára 4, nígbà mìíràn 6, ló ń dé ibi tó ti ń ti òróró bíréèkì. Ìsàlẹ̀ ọ̀pá náà ni agbára rẹ̀ wà. Bí irin tí ẹ dè mọ́ ọn bá mú kí ẹsẹ̀ máa tẹ̀ ẹ́ lókè díẹ̀, ẹ ti dín agbára náà kù láìmọ̀.

Ohun kejì ni gíga. Ẹ wo inú ọkọ̀ yín lọ́la: ojú bíréèkì sábà máa ń súnmọ́ awakọ̀ ju ojú pẹ́dà iná lọ. Àwọn tó ṣe ọkọ̀ mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni. Ẹni tó bá fẹ́ tẹ bíréèkì gbọ́dọ̀ gbé ẹsẹ̀ sókè kó tó dé orí rẹ̀, nítorí náà ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ní í tẹ méjèèjì pọ̀. Bí ẹ bá wá fi irin tó nípọn sórí pẹ́dà iná, tó sì ga bá bíréèkì dọ́gba, ẹ ti wó odi tó wà láàrin wọn. Tiwa tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ: irin bíréèkì fẹ̀ ju pẹ́dà rẹ̀ lọ, ó yọ sí apá pẹ́dà iná tó bí ìbú ìka kan.

Ọkọ̀ tó ń sá ní 60 kìlómítà ní wákàtí kan ń lọ ju mítà 16 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Bí ẹsẹ̀ bá fi ìṣẹ́jú àáyá kan wá bíréèkì, ìyẹn ni gígùn ilé tó lọ. Ẹ fi wé àyè tó wà láàrin ìsọ̀ méjì lọ́jà yín.

Ibo wá ni irin dídán yìí ti wá? Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń fi ọkọ̀ sáré ìje ni. Àwọn wọ̀nyẹn a máa fi orí ẹsẹ̀ tẹ bíréèkì, kí wọ́n sì fi gìgísẹ̀ tàbí ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ kan náà tọ́ iná wò, kí jíà lè wọlé wẹ́rẹ́ bí wọ́n bá fẹ́ yà ní kọ́nà. Nítorí èyí ni wọ́n ṣe fẹ́ kí pẹ́dà méjèèjì súnmọ́ra, kí wọ́n sì dọ́gba. Ihò tí wọ́n lu sí irin náà, kó lè fúyẹ́ ni, kí ẹrẹ̀ àti omi sì lè rí ibi bọ́ sí. Bàtà tí wọ́n ń wọ̀ fẹ́lẹ́, ó sì fún mọ́ wọn lẹ́sẹ̀. Ta ló ń wọ irú bàtà bẹ́ẹ̀ nínú wa? Sálúbàtà ni à ń wọ̀ wakọ̀ láti oko bọ̀. Ohun tó jẹ́ àǹfààní fún eléré ìje ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ìyá olómọ níwájú wa.

Kí ẹ má baà rò pé ọ̀rọ̀ àwa onílẹ̀ pupa nìkan ni, ẹ jẹ́ kí a sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹjọ ọdún 2009, ní ẹ̀bá San Diego ní California, ìdílé kan wà nínú ọkọ̀ Lexus kan tí wọ́n yá wọn fún ìgbà díẹ̀ nígbà tí tiwọn wà lọ́dọ̀ àwọn tó ń tún un ṣe. Mátì ọkọ̀ irú mìíràn ni wọ́n tẹ́ sí i. Mátì náà há pẹ́dà iná mọ́lẹ̀, ọkọ̀ ń sá lọ, bíréèkì ò ká a mọ́. Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó wà nínú rẹ̀ ló kú. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún náà, Toyota, tó ni Lexus, kéde pé ọ̀rọ̀ mátì yìí kan ọkọ̀ tó tó mílíọ̀nù 3.8 ní Amẹ́ríkà, ó sì ní kí àwọn tó ni wọ́n yọ mátì tó wà lẹ́sẹ̀ awakọ̀ kúrò. Ṣé ẹ mọ àtúnṣe tí wọ́n wá ṣe sí púpọ̀ nínú àwọn ọkọ̀ náà? Wọ́n gé ìsàlẹ̀ pẹ́dà iná kúrò, kó lè kúrú, kó má baà kan mátì mọ́.

Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò. Ilé iṣẹ́ ńlá bẹ́ẹ̀ náwó láti gé pẹ́dà iná kúrú. Àwa san 6.500 fàráńkì láti mú un gùn. Bàbá mẹkáníìkì wa fi ìka tọ́ ọ hàn wá: nígbà tí ẹsẹ̀ bá tẹ iná dé ilẹ̀, etí irin tuntun náà ń wọ inú mátì. Kò tíì há. Bí ó bá jẹ́ pé ọjọ́ kejì ni, a ò mọ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ra ọkọ̀ tí ẹ sì ń tà, ọ̀rọ̀ kan wà fún yín níhìn-ín tí owó wà nínú rẹ̀. Ago tó ń ka kìlómítà ṣeé dá padà, gbogbo wa la mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ kì í parọ́. Bí ago bá sọ pé ọkọ̀ ti rin 60.000 kìlómítà péré, tí rọ́bà bíréèkì sì ti jẹ dé irin, ẹ bi ẹni tó fẹ́ tà á léèrè ọ̀rọ̀. Bí ẹ bá sì rí irin dídán tàbí rọ́bà tuntun lórí pẹ́dà ọkọ̀ tí ìjókòó rẹ̀ ti ya, ẹ ṣí i wò, kí ẹ wo ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó fi í síbẹ̀ ló fẹ́ fi nǹkan pamọ́, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba ìbẹ̀rẹ̀ lásán ni yóò ná yín.

Ṣé a wá ń sọ pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan pẹ́dà nílé ni? Rárá o. Rọ́bà tó jẹ tán léwu ju rọ́bà tí a pààrọ̀ lọ. Iṣẹ́ tí ènìyàn lè ṣe nílé ni, bí ó bá mọ ohun tó ń ṣe.

Èyí tó rọrùn jù, tí a sì fọwọ́ sí jù, ni rọ́bà irú èyí tó bá ọkọ̀ wá. Ẹ yọ ti àtijọ́, kí ẹ gbé e lọ sọ́jà, kí ẹ fi wọn tuntun. Ẹ má ṣe fi orúkọ ọkọ̀ nìkan béèrè. Ti ọkọ̀ tí kò ní kílọ́ọ̀ṣì fẹ̀ ju ti ọlọ́wọ́ lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ kan náà ni wọ́n ń jẹ́. Ẹ fọ irin pẹ́dà mọ́, kí ẹ nù ún gbẹ. Ẹ ki rọ́bà tuntun bọ omi gbígbóná, kì í ṣe èyí tó ń hó, kó lè rọ̀. Ẹ kọ́kọ́ fi etí rẹ̀ kan kọ́ irin, kí ẹ wá fa ìyókù bò ó díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń wọ ìrọ̀rí láṣọ, kí ẹ fi sukurudiráfà pẹlẹbẹ ti igun tó bá lágídí wọlé. Ẹ má fi òróró ẹ́ńjìnì tàbí gírísì yọ̀ ọ́. Àwa gbọ́ pé àwọn kan a máa ṣe bẹ́ẹ̀ kó lè tètè wọlé. Òróró ń ba rọ́bà jẹ́, èyí tó bá sì ṣẹ́kù á mú kí ẹsẹ̀ yọ̀, ohun tí ẹ sá fún ni ẹ padà bá. Omi tó. Nígbà tó bá wọlé tán, ẹ yẹ ẹ̀yìn rẹ̀ wò yíká, pé etí rẹ̀ ti kọ́ irin níbi gbogbo. Ẹ jẹ́ kó gbẹ kí ẹ tó wakọ̀.

Bí ó bá jẹ́ irin dídán náà ni ọkàn yín fẹ́, ẹ ṣọ́ra fún mẹ́ta: èyí tí wọ́n ń fi gọ́ọ̀mù lẹ̀, èyí tó ń gun orí rọ́bà àtijọ́ bíi tiwa, àti èyí tí ẹ gbọ́dọ̀ lu ihò sí pẹ́dà kó tó dúró. Oòrùn ilẹ̀ wa ń yọ́ gọ́ọ̀mù. Rọ́bà tó wà lábẹ́ irin ń tẹ̀, bóòtù á sì tú. Ní ti ihò, ẹ má dá a láṣà lórí pẹ́dà iná. Ike ni ọ̀pọ̀ nínú wọn nínú ọkọ̀ òde òní, ẹ̀rọ tó ń bá kọ̀ǹpútà ọkọ̀ sọ̀rọ̀ sì so mọ́ ọn. Nínú ọkọ̀ àtijọ́ tó ń lo wáyà, sípíríìngì tó ń dá pẹ́dà iná padà kò lágbára púpọ̀. Bí irin tuntun bá wúwo, iná lè má padà bọ̀ bó ṣe yẹ nígbà tí ẹ bá gbé ẹsẹ̀.

Ẹ wọn àyè tó wà láàrin pẹ́dà kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Láti bíréèkì sí pẹ́dà iná, láti pẹ́dà iná sí ilẹ̀ nígbà tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ tán, àti bí bíréèkì ṣe ga ju iná lọ. Bí ẹ bá parí, ẹ tún un wọ̀n. Èyíkéyìí tó bá dín kù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ tú u. Kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Nọ́ọ̀tù tó ní rọ́bà nínú, tí kì í tètè tú, ni kí ẹ lò, kí ẹ sì tún un fún lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan.

Kí ẹ tó jáde sí títì, ẹ yọ mátì kúrò ná. Pẹ̀lú ẹ́ńjìnì kíkú, ẹ tẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan dé ilẹ̀, kí ẹ fi ẹsẹ̀ sílẹ̀ lójijì, kí ẹ wò ó bóyá ó ta padà. Ẹ wọ bàtà tí ẹ fi ń wakọ̀ gan-an, kì í ṣe bàtà tí ẹ fi ń lọ síbi àríyá. Ẹ fi gbogbo agbára tẹ bíréèkì, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ ní igun ọ̀tún, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ ní igun òsì. Ibi tí tiwa ìbá ti tú àṣírí ara rẹ̀ nìyẹn, ká ní a dán an wò. Ẹ ní kí ọmọ kan dúró lẹ́yìn ọkọ̀ kó wo iná bíréèkì. Ohun tó ń tan iná náà sábà máa ń wà lókè ọ̀pá pẹ́dà, bí pẹ́dà kò bá padà dé òkè tán, iná á máa jó títí bátìrì á fi kú, ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn yín kò sì ní í mọ ìgbà tí ẹ ń dúró. Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ wà á pẹ̀lẹ́ nínú ọgbà.

Bí iná bá há lójú ọ̀nà ńkọ́? Ẹ fi gbogbo agbára tẹ bíréèkì lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ má ṣe gbé ẹsẹ̀ kúrò. Ẹ má máa tẹ̀ ẹ́ ní ìtẹ̀-ìtẹ̀, torí ohun tó ń ran bíréèkì lọ́wọ́, tí mẹkáníìkì ń pè ní servo, ara ẹ́ńjìnì ló ti ń rí agbára, agbára náà sì ń tán kíákíá nígbà tí iná bá ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ẹ tẹ kílọ́ọ̀ṣì tàbí kí ẹ fi jíà sí òfo. Ẹ́ńjìnì á ké, ẹ jẹ́ kó ké. Ẹ yà kúrò lójú títì, ìgbà tí ọkọ̀ bá dúró ni kí ẹ pa á. Ẹ má yọ kọ́kọ́rọ́ nígbà tí ọkọ̀ ṣì ń lọ, ọwọ́ ọkọ̀ lè gan mọ́ yín lọ́wọ́.

Bàbá mẹkáníìkì wa tú irin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kúrò ní ọjọ́ náà. Ó rán wa lọ sí Àjàṣẹ́ láti wá rọ́bà bíréèkì tó bá ọkọ̀ wa mu, a rí i, kò tó ìdajì owó tí a ti kọ́kọ́ ná. Ó dúró tì wá, ó ní kí àwa fúnra wa wọ̀ ọ́. Rọ́bà dúdú lásán ni, kò dán, kò sì sí ẹni tó ya fọ́tò rẹ̀.

Láti ìgbà náà, a ti gba abúlé yẹn kọjá lẹ́ẹ̀mẹta ní ọjọ́ ọjà. Awakọ̀ wa a máa dín eré kù kó tó rí òkìtì náà. Àwa tó kù a máa wo ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, níbi tí àwọn ìyá olómátì ń jókòó sí, bóyá a ó rí i. A kò tíì rí i.